Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n ń fún wa ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà: ẹ ní kí wọ́n ya ìlà yẹn o

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ọ̀rọ̀ káàdì ni mo bá wá lónìí, kì í ṣe ti páńpásì. Káàdì tí wọ́n máa ń fún wa tá a bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ní ìlà méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà yẹn gan-an ló jẹ mí lógún, torí ọ̀pọ̀ wa kì í tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni nǹkan yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Ìmẹ̀sí-Ilé! Ìmẹ̀sí-Ilé tá a mọ̀ mọ́ ogun Kírìjí. Dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí Wesley Guild n'Iléṣà ní 1956, ọsibítù tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nílùú ọba dáwó fún, orúkọ ẹgbẹ́ wọn náà ló ń jẹ́ títí dòní. Èèyí tí wọ́n ń pè ní measles, ikọ́ àhúbì, ìgbẹ́ gbuuru, ọmọ tó ti rù kan eegun, ohun tó ń bá jà nìyẹn. Bàbá yìí ò wá jókòó sí Iléṣà kó máa retí ọmọ tó ti ń kú lọ, ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ibẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún 5. Ibẹ̀ ni ọ̀ndà-fáìfù, ìyẹn kílíníìkì àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, ti jáde, tó jẹ́ pé ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná àti èyí tára ẹ̀ le, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Káàdì ò sì wọ fáìlì ọsibítù o, ìyá ló ń gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn jù.

Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ rọrùn. Àpótí kéékèèké wà nísàlẹ̀, oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń kọ sí àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ Máàṣì, Épírì á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá wá dé ní Ọ́gọ́ọ̀sì kò sẹ́ni tó ń da ara ẹ̀ láàmú pé ọmọ oṣù mélòó nìyí, ẹ ṣáà wá Ọ́gọ́ọ̀sì, ẹ wo kílò, ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀, ẹ fà á pọ̀ mọ́ ti oṣù tó kọjá. Tó bá ń gòkè, ó dáa. Tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ọmọ ò lọ síwájú nìyẹn, kódà kó máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sùn o. Ọmọ kékeré tí ìlà ẹ̀ ń gòkè sàn ju ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ tí tiẹ̀ ti dúró, ẹ bá mi sọ fún ìyá ọkọ yín.

Ibi tí mo ti gba tèmi, mi ò ní dárúkọ wọn, ojú abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ. Wọ́n á gbé ọmọ sórí sìkéèlì, wọ́n á pariwo "mẹ́fà pọ́ìntì mẹ́jọ!", ẹnì kan á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, ojú ìlà á ṣófo. Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ya tibí." Nọ́ọ̀sì ní "Ìyá ìkókó, ẹ̀yin náà ti di dókítà?" Ṣùgbọ́n ó yà á o, ìgbà yẹn la tó rí i pé látìgbà tí mo ti ń fún un ní ògì lásán ni ìlà ò ti kúrò lójú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀wà àti edé gbígbẹ mọ́ ọn, ó sì gbéra.

Àléébù ẹ̀: pépà ẹ̀ fẹ́lẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ òyìnbó, ọ̀rá tí wọ́n ń kì í sí nígbà náà ò sí mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì ni mo ti ra èyí tí wọ́n fi ń ki sátífíkéètì. Ìràwọ̀ 4 nínú 5, pépà ló jẹ ìkarùn-ún.

Morley yìí kan náà tún polongo ṣíbí olórí méjì, ọ̀kan fún ṣúgà, ọ̀kan fún iyọ̀, tí wọ́n fi ń po omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á n'Ìbàdàn kó jọ̀ọ́ sọ fún mi.