Ta ló yẹ kó mú onípolówó èké?

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ FTC ló ń mú wọn; ọdún 1914 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2024 ó fi òfin de àgbéyẹ̀wò ayédèrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sanwó kí wọ́n kọ "ọjà yìí ṣiṣẹ́ fún mi gan-an", nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò lò ó rí, lè san owó ìtanràn ńlá.

ASA, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó ní Ìlú Ọba, yàtọ̀. Àwọn onípolówó fúnra wọn ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1962. Kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Yóò ní kí wọ́n yọ ìpolówó náà, yóò sì gbé orúkọ wọn síta.

Ti Amẹ́ríkà ni mo fara mọ́. Ojú kì í ti gbájú-ẹ̀. ASA pàápàá ń fa àwọn olórí kunkun lé Trading Standards lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́.