AncestryDNA fún ọmọ Yorùbá: ẹ rà á nítorí ẹbí, ẹ má rà á nítorí àwòrán ilẹ̀

Ohun méjì ni AncestryDNA, ilé iṣẹ́ tó ń fi DNA (àbùdá tí a jogún) ṣe àyẹ̀wò ìran, fi sínú páálí kan tà. Àkọ́kọ́ ni àwòrán ilẹ̀ tó ń sọ pé ìdá báyìí nínú yín wá láti Nàìjíríà, ìdá báyìí láti Benin àti Togo. Èkejì ni orúkọ àwọn oníbàárà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tiyín tan. Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ẹbí ló tó owó tí wọ́n ń gbà. 99 dọ́là ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n máa ń dín in kù gan-an, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí kò kánjú san iye yẹn pé.

Itọ́ ni wọ́n ń lò. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ má jẹun, ẹ má mu omi, ẹ má mu sìgá, ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi obì tàbí orógbó sẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ara ìgò náà forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí pé ìgò tí kò lórúkọ kò ní ẹni tí wọ́n máa fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tutọ́ títí yóò fi dé ìlà tó wà lára ìgò. Itọ́ gidi ni kó dé ìlà náà, ìfóòfó kò sí lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ojú ìgò á kún, ìsàlẹ̀ á ṣófo, ilé àyẹ̀wò á sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí ẹnu bá gbẹ, ẹ fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta. Ẹ fún àgbàlagbà ní àsìkò, torí itọ́ wọn kì í pọ̀. Omi aláwọ̀ búlúù kan wà nínú ìdérí. Ẹ dé e le dáadáa kí omi náà lè dà sínú itọ́, kí ẹ sì mì ín fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ó kéré tán. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí DNA bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n ti fi mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn sí lára kò gbọdọ̀ ṣe é, nítorí DNA ẹni tó fún un lè wà nínú itọ́ rẹ̀.

Ní ti àwòrán ilẹ̀, lẹ́tà bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ló wà nínú àbùdá ènìyàn, nǹkan bí 700,000 ojú ibi péré sì ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, bíi 99.9 ni gbogbo ọmọ ènìyàn fi jọ ara wọn, ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn àti ẹni tó wà ní Japan. Nínú ìyókù tíńtín yẹn ni wọ́n ti ń wá ìyàtọ̀. Wọ́n á mú tiyín, wọ́n á fi wé ti àwọn tí ìdílé wọn ti pẹ́ ní ibì kan, wọ́n á sì fojú díwọ̀n. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù tí ó lè jẹ́. Ẹ máa wo ibẹ̀. Bí wọ́n bá tún àwọn òṣùwọ̀n wọn ṣe, nọ́ńbà yín á yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé itọ́ kan náà ni.

Nítorí èyí, kí ọmọ Yorùbá tó rí Benin àti Togo nínú èsì má lọ bá ìyá rẹ̀ jà. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà ní Benin, àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé wà ní Togo. Ní 1889 ni Fáránsé àti Bìrìtìkó fẹnu kò lórí ààlà tó jẹ́ kí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Fáránsé. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́ nípa ìpàdé yẹn. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá méjì pàápàá lè gba èsì tó yàtọ̀, torí ìdajì àbùdá òbí kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ń gbà, kì í sì í ṣe ìdajì kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ó yẹ kí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ pé òṣùwọ̀n tí ayé ń lò ní ọwọ́ wọn nínú. Nínú iṣẹ́ HapMap, ìwádìí tó wo ìyàtọ̀ inú àbùdá àwọn ènìyàn káàkiri ayé, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, 90 nínú àwọn 270 tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé ọgbọ̀n. YRI ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n títí di òní.

Ibi tó gbámúṣé ni orúkọ àwọn ẹbí. cM (centimorgan) ni wọ́n fi ń wọn bí àbùdá ẹni méjì ṣe wọnú ara wọn tó. Òbí àti ọmọ máa ń ní bíi 3,400 sí 3,500. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà wà ní àyíká 2,600. Ọbàkan tàbí iyèkan wà ní àyíká 1,750, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ẹni. Nọ́ńbà nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ní láti wo ọjọ́ orí, kí ẹ sì bi àgbà ilé léèrè. Nínú ilé olórogún, bí ìyàwó méjì bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, àwọn ọbàkan náà á ga ju 1,750 lọ, èèyàn sì lè ṣì wọ́n mú fún ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Orúkọ tí cM rẹ̀ kò tó 15, ẹ má sáré fi dá ìtàn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kòńgẹ́ lásán.

Fún àwọn ọmọ ẹrú, àǹfààní yìí kò kéré. Ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní Amẹ́ríkà. Ní Brazil, Ruy Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó, pàṣẹ ní 1890 pé kí wọ́n sun ìwé tó jẹ mọ́ oko ẹrú. Níbi tí ìwé parí sí, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ilé iṣẹ́ yìí, nítorí náà ọmọ Yorùbá kan tó bá ṣe é láti Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹbí kan ní Georgia máa rí. A bẹ̀ yín, bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín, ẹ dá wọn lóhùn.

Kò sí itọ́ tó lè fi ẹbí ti ilé òrìṣà hàn. Ní Casa Branca, ilé òrìṣà kan ní Salvador ní Brazil, ìyá ni ìyálórìṣà jẹ́ sí ẹni tó ṣe orí fún, ẹ̀gbọ́n sì ni ẹni tó ṣáájú ṣe é. Ìdílé gidi ni, ó ní ojúṣe, ó ní èèwọ̀, ó sì gbé èdè wa la oko ẹrú já.

Ẹ fọkàn sí apá yìí kí ẹ tó tutọ́. Àyẹ̀wò yìí lè fi hàn pé ẹni tó tọ́ ọmọ kọ́ ló bí i. Bàbá tó fi iyọ̀ àti oyin sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tó san owó ilé ìwé, tó jí lóru nígbà ibà, bàbá ni, kò sí nọ́ńbà tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe é fún ọmọ kékeré nítorí ìfura. Bí orúkọ àjèjì bá jáde, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbé e bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ lè pa ojú ìwé ẹbí náà dé títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀.

Ní ti ààbò, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 sí 23andMe, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Nǹkan bí 14,000 àkáǹtì ni àwọn olè wọ̀, torí pé àwọn oní nǹkan lo ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ti lò níbòmíràn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìsọfúnni bíi mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn, nítorí pé ẹbí ń rí ẹbí. Ní oṣù kẹta 2025, ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé àwọn ti wọ gbèsè. Ẹ lo ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ kò lò níbòmíràn, kí ẹ sì tan ìdánilójú ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n máa ń béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní Amẹ́ríkà, òfin GINA ti 2008 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ tàbí adójútòfò ìlera fi àbùdá yín jẹ yín níyà, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ adójútòfò ẹ̀mí.

Bí itọ́ bá ń ṣòro fún àgbàlagbà, ilé iṣẹ́ MyHeritage ń lo òwú tí wọ́n fi ń ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ ìlà bàbá sí bàbá nìkan lẹ ń wá, àyẹ̀wò Y (apá àbùdá tí bàbá ń fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́) ti ilé iṣẹ́ FamilyTreeDNA ló bá a mu, ọkùnrin ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Bó bá jẹ́ ti ilé ẹjọ́ tàbí ogún pínpín, ìkankan nínú wọn kò wúlò, torí pé kò sí ẹni tó jẹ́rìí sí i pé itọ́ ta ni. Ilé àyẹ̀wò tí kóòtù gbà ni kí ẹ lọ, níbi tí òṣìṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ á ti gba àpẹẹrẹ náà lójú yín.