Bizzarrini 5300 GT àti Iso Grifo: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Ọmọ ìyá ni ọkọ̀ méjèèjì yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ń wá ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì fi máa ń rò pé kò yẹ kí owó Bizzarrini ga tó bẹ́ẹ̀ ju ti Grifo lọ. Ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ẹni tó fẹ́ rà á.

Giotto Bizzarrini, tó ti ṣiṣẹ́ lórí Ferrari 250 GTO kó tó kúrò ní Ferrari ní 1961, ló ṣètò egungun (ṣásí) wọn fún Renzo Rivolta, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Iso ní Bresso, nítòsí Milan. Ọwọ́ Giugiaro, ayàwòrán ọkọ̀ tó wà nílé iṣẹ́ bọ́dì ọkọ̀ Bertone nígbà náà, wà lára bọ́dì wọn. Ẹ́ńjìnnì Corvette, V8 onílítà 5.4 ti Chevrolet, ni wọ́n gbé sínú wọn. Wọ́n jọ fara hàn ní Turin ní 1963: A3/L, ìyẹn Grifo tí à ń sọ yìí, fún títì, A3/C fún eré ìje. Nígbà tí Bizzarrini àti Rivolta pínyà ní 1965, Bizzarrini mú A3/C dání lọ sí Livorno, ó sì ń tà á ní orúkọ ara rẹ̀: 5300 GT, Strada fún títì, Corsa fún pápá ìje.

Ní eré ìje wákàtí mẹ́rìnlélógún ti Le Mans nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1965, A3/C ṣe ipò kẹsàn-án, ó sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ju lítà 5 lọ. Ohun tó jẹ́ kó sáré bẹ́ẹ̀ náà ló máa ni yín lára lójú títì. Wọ́n ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn débi pé láti inú ọkọ̀, lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ni mẹkáníìkì ti ń kan disitribúítọ̀ rẹ̀, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Ooru ẹ́ńjìnnì yẹn ò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ yín. Òrùlé rẹ̀ kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ẹni tó bá ga kò ní gbádùn rẹ̀. Táńkì epo wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa bóyá wọ́n ń jò. Alumíníọ̀mù ni bọ́dì rẹ̀, ibi tó bá sì ti kan irin máa ń jẹra bí omi bá ń dé ibẹ̀.

Irin ni bọ́dì Grifo. Ó wúwo ju Bizzarrini lọ, ó sì rọni lọ́rùn jù ú lọ, àyè ẹrù wà níbẹ̀, èèyàn méjì lè gbé e rìnrìn-àjò láti Milan dé etíkun láìsí ìnira. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní dà yín láàmú, páàtì Chevrolet pọ̀. Gíláàsì àti àwọn nǹkan ọ̀ṣọ́ ló ń fowó ṣòfò. Láti 1968 ẹ lè rí onílítà 7, láti 1972 ẹ́ńjìnnì Ford ni wọ́n ń lò, títí Iso fi wó ní 1974.

Ìwé ọkọ̀ ló le jù lórí Bizzarrini. Èyí tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 130, nígbà tí Grifo tí wọ́n ṣe lé ní 400. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Bizzarrini ti tì ní 1969, àwọn kan to ọkọ̀ jọ láti ara àjẹkù páàtì, àwọn mìíràn sì ṣe àdàkọ. Nọ́ńbà ṣásí nìkan ò tó. Ẹ bèèrè orúkọ gbogbo ẹni tó ti ni ín tẹ́lẹ̀ àti fọ́tò àtijọ́, kí ẹ sì san owó fún ẹni tó mọ ọkọ̀ yẹn gan-an láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dúnàádúrà. Èyí tí ìtàn rẹ̀ bá ti já sí méjì, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn du eré ní Le Mans Classic, eré ìje àwọn ọkọ̀ àtijọ́, Bizzarrini ni kó lọ rà. Ẹni tó fẹ́ wà á lọ jìnnà, Grifo onílítà 5.4 tó ní jíà márùn-ún ti ZF, ilé iṣẹ́ jíà ilẹ̀ Jámánì, ni mo fọwọ́ sí. Àwọn kan nínú wọn, jíà mẹ́rin ni wọ́n ní, ariwo ẹ́ńjìnnì wọn á sì sú yín lójú ọ̀nà márosẹ̀.