Àyẹ̀wò Àwọn Oògùn Èébì fún Aláìsàn Pàjáwìrì tí Inú Ń Run

Ondansetron ni oògùn tó yẹ kí a kọ́kọ́ ronú kàn nígbà tí aláìsàn bá dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì pẹ̀lú inú rírun, tí èébì sì ń gbé e. Mìlígírámù 4 nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń tó àgbàlagbà. Kì í sábà mú kí oorun kùn ún, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ti sùn lọ kò lè sọ fún dókítà pé ìrora tó bẹ̀rẹ̀ ní àyíká ìdodo ti ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, èyí tó lè jẹ́ àmì pé appendix, ìfun kékeré kan tó wà níbẹ̀, ti wú. Oríṣi rẹ̀ tó máa ń yọ́ lórí ahọ́n wúlò fún ẹni tí wọn kò tíì rí iṣan rẹ̀ gún. Ó lè fa orí fífọ́ àti àìrígbẹ́yà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra jù lọ ni ọkàn, nítorí ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ní ọdún 2012, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún ènìyàn ní mìlígírámù 32 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú iṣan mọ́. Ẹni tó ti ń bì fún ọjọ́ mélòó kan, tí potassium àti magnesium, àwọn èròjà tí ọkàn nílò láti lù déédéé, ti dín kù lára rẹ̀, ni ewu yìí súnmọ́ jù.

Metoclopramide, mìlígírámù 10, ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò dáadáa. Yàtọ̀ sí pé ó ń dá èébì dúró, ó tún ń mú kí ikùn ti oúnjẹ lọ sísàlẹ̀, èyí tó dára fún ẹni tí ikùn rẹ̀ ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìfun bá ti dí, ṣe ni yóò máa ti ìfun mọ́ ohun tó dí i. Ìrora yóò le sí i, ìfun sì lè bẹ́. Nítorí náà, kí a tó fà á sínú abẹ́rẹ́, ó yẹ kí a bi aláìsàn bóyá ó ṣì ń só, bóyá ikùn rẹ̀ ti wú, àti bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn rí, nítorí àpá tí iṣẹ́ abẹ fi sínú ikùn wà lára ohun tó sábà máa ń fa ìfun dídí. Bí wọ́n bá sì tì í wọ iṣan kíákíá, ara aláìsàn lè má balẹ̀ mọ́, kí ó má lè dùbúlẹ̀ sójú kan, àwọn olùtọ́jú a sì rò pé àìsàn ló ń le sí i. Bí wọ́n bá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 fún un, ìyẹn máa ń dín kù. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2013, ọjọ́ 5 ni òpin lílò rẹ̀.

Promethazine ni mo fi sẹ́yìn. Ó ń kun ènìyàn lóorun gan-an, bí ó bá sì jò jáde kúrò nínú iṣan, ó lè pa ẹran ara débi pé wọn yóò gé ìka tàbí apá. Kò sì yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá.

Ohun tó wú mi lórí jù ni òwú tí wọ́n fi spírítì isopropyl rẹ, èyí tí wọ́n fi ń nu ara kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́. Bí aláìsàn bá ń fà á símú díẹ̀díẹ̀, èébì tó ń gbé e máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì sì ti fìdí èyí múlẹ̀. A lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ṣì ń wá iṣan.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, droperidol ní ìwọ̀n kékeré lágbára, pàápàá fún èébì tí igbó mímu fà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ ìlù ọkàn wò ṣáájú. Ẹni tó bá sin aláìsàn lọ gbọ́dọ̀ mú gbogbo oògùn tí aláìsàn náà ń lò dání, nítorí àwọn oògùn kan fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àwọn kan tó ń pa kòkòrò àrùn lè da ìlù ọkàn rú pẹ̀lú, dókítà kò sì gbọ́dọ̀ kó wọn pọ̀ láìmọ̀.