Àkúrẹ́ sí London: Báàlù Tààrà àbí Èyí Tó Ń Yà Lọ́nà?

Iye owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka wákàtí náà mọ́ ọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kíkà yín láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kì í ṣe láti Ìkẹjà.

Èkó sí London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Báàlù tààrà máa ń rìn ín ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Èyí tó ń yà ní Casablanca, ní Morocco, kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, bíi 5,300 ni gbogbo ẹ̀. Istanbul sọ ọ́ di bíi 7,100. Ti Addis Ababa ló pọ̀ jù: apá ìlà oòrùn lẹ kọ́kọ́ máa forí lé, kí ẹ tó yí padà sókè, ìrìn náà á sì súnmọ́ 9,800 kìlómítà. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì o. Addis àti Istanbul fi wákàtí méjì ṣáájú wa. London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, aago wa sì dọ́gba nígbà ooru wọn.

Ibi tí owó ti ń jóná ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n so pọ̀ kó lè dínwó. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà búkíǹgì kan ṣoṣo, tí báàlù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé iṣẹ́ náà ló máa wá òmíràn fún yín. Tó bá jẹ́ méjì, ẹni tí kò yọjú ni báàlù kejì máa kà yín sí, owó yẹn sì ti wọlé sí wọn lápò. Ẹrù tún ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbà á, kí ẹ tó rí i gbà, ẹ gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n ìlú tí báàlù yà sí, ìyẹn sì ń fẹ́ físà. Wọ́n tiẹ̀ lè dá yín dúró láti Èkó.

Ẹ wo bébà gbọọrọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí àpò. LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick, pápákọ̀ òfurufú London ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ IST (Istanbul) tàbí CMN (Casablanca) ni wọ́n kọ sí i, ibẹ̀ ni àpò yẹn máa dúró sí. Ẹ sọ̀rọ̀ kó tó wọlé lọ.

Wákàtí méjì sí mẹ́rin ló dáa láti fi dúró láàárín báàlù méjì.

Báàlù Àkúrẹ́ sí Èkó kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni. Ọyẹ́ lè dá a dúró, ẹrù ọ̀fẹ́ ibẹ̀ kì í sì í sábà ju 20 kìlò lọ, nígbà tó jẹ́ pé 23 ni àpò òkè òkun. Mọ́tò máa gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mówé sí Berger sì lè fi méjì kún un. Tí báàlù yín bá jẹ́ ti àárọ̀, ẹ lọ sùn sí Èkó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àkókò lè gba Casablanca tàbí Istanbul lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Tí owó tí tààrà fi wọ́n ju èyí tó ń yà lọ kò bá ju owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan àti oúnjẹ lọ, tààrà ni kó rà. Ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun, tààrà ni, ẹ má wulẹ̀ bá a wo òmíràn.