Àtúnṣe Fèrèsé Áàpù Wa ní Tánkẹ̀, Ìlọrin

Áàpù tí a fi ń ta aṣọ òfì ní fèrèsé kékeré kan tí oníbàárà ń kọ iye aṣọ tí ó fẹ́ sí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yí fóònù rẹ̀ sí ìbú, fèrèsé náà á pòórá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a gbé iṣẹ́ náà fún ní Tánkẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé pé Android, ètò tí ó ń darí fóònù, máa ń wó ojú áàpù palẹ̀, á sì tún un kọ́, bí a bá yí fóònù, àti pé Dialog lásán, ìyẹn irú fèrèsé kékeré tí a lò tẹ́lẹ̀, kì í la èyí já. Ó gbé fèrèsé náà sínú DialogFragment, ìyẹn àpò fún irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, èyí tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń dá padà lẹ́yìn tí a bá ti yí fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi ṣe é pẹ́ díẹ̀ lójú mi, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi.