ILCA tí a mọ̀ sí Laser: àgbéyẹ̀wò ọkọ̀ ìgbòkun ẹlẹ́nìkan lórí omi Èkó

Bí ẹgbẹ́ ìgbòkun bá ní owó irú ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́, ILCA ni kí wọ́n rà. Ohun tí àwa tí à ń lò ó lórí omi Èkó gbà gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ ohun méjì wà tí kò ṣeé fojú fò: ìgbòkun gbọ́dọ̀ bá ìwúwo ẹni tó ń wà á mu, ihò tí òpó dúró sí sì gbọ́dọ̀ mọ́ kí ọkọ̀ tó kan omi. Ẹgbẹ́ tó bá ṣàìnáání èkejì yóò rí i pé ọkọ̀ tó yẹ kó lò fún ogún ọdún ti di ìkòkò òdòdó láàárín ọdún mẹ́ta.

Láti 1971 tó ti jáde ni wọ́n ti ń pè é ní Laser. Bruce Kirby, ará Kánádà, ló ya àwòrán rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.23, ara rẹ̀ lásán wọn kílò 59, èèyàn méjì lè gbé e, ẹnì kan sì lè tò ó láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó wọ Òlíńpíìkì ní 1996; ti àwọn obìnrin tẹ̀ lé e ní 2008. Ní 2019 ni èdèkòyédè bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣàkóso ọkọ̀ náà àti ọ̀kan nínú àwọn tó ń kàn án. Ẹgbẹ́ gba àṣẹ ìkànkọ̀ kúrò lọ́wọ́ akànkọ̀ yẹn, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀, ìyẹn ILCA, pe ọkọ̀ náà, torí pé kì í ṣe òun ló ni orúkọ Laser.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ gan-an. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Laser àti èyí tó ń jẹ́ ILCA, ọkọ̀ kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ike ìdánimọ̀ kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn àyè ìjókòó. Àwọn Laser àtijọ́ tí a kàn pẹ̀lú àṣẹ, tí ike wọn ṣì wà, lè wọ ìdíje. Èyí tí kò bá ní ike kò wúlò ju kíkọ́ni lọ, iye tí ẹ máa san lé e sì gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ìgbòkun ILCA 7 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7.06, ti ILCA 6 jẹ́ 5.76, ti ILCA 4 jẹ́ 4.7. Apá méjì ni òpó ní, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè; ìgbòkun àti òpó ìsàlẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Ara ọkọ̀, òpó òkè, boom (ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìgbòkun), pátákó àárín (èyí tí a ń tì bọ omi kí ọkọ̀ má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) àti ìtọ́kọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí gan-an ló mú kí ó tọ́ sí ẹgbẹ́: ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè lò ó láàárọ̀, kí bàbá rẹ̀ pààrọ̀ òpó ìsàlẹ̀ kó sì lò ó lọ́sàn-án. Ẹni tí kò tó kílò 55, ILCA 4 ni tirẹ̀. Láti 55 sí nǹkan bíi 72, ILCA 6. Ẹni tó bá ju 75 lọ ni kó gba ILCA 7. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ni kí wọ́n ra ILCA 7 fún gbogbo ènìyàn torí pé òun ni àwọn ọkùnrin fi ń lọ Òlíńpíìkì. Ẹni tó fúyẹ́ kò lè mú ọkọ̀ náà dúró pẹrẹsẹ nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sán bá le. Yóò máa dojú dé títí yóò fi sú u, kò sì ní padà wá mọ́. Fún ara ọkọ̀ mẹ́fà, ẹ ra òpó ìsàlẹ̀ ILCA 6 mẹ́fà, ti ILCA 4 mẹ́ta, ti ILCA 7 méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ihò òpó, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ti ń kú. Òpó kò ní okùn kankan tó fà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Inú ihò yẹn nìkan ló dúró sí, ó sì ń yí nínú rẹ̀ nígbàkígbà tí ìgbòkun bá kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Etí òkun tó kún fún iyanrìn ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tì í sómi. Bí ẹyọ iyanrìn díẹ̀ bá bọ́ sínú ihò, ṣe ni òpó ń lọ̀ ọ́ bí ìgbà tí a ń lọ ata. Fáíbà ìsàlẹ̀ ihò á fẹ́lẹ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀, nígbà tó bá yá, òpó á fa ihò náà ya pẹ̀lú ojú ọkọ̀. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ da omi kún ihò náà dé etí, ẹ fi téèpù sàmì sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ihò náà ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ ki òpó ìsàlẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ fà á síwájú sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn tẹjú mọ́ ojú ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ihò. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ní ojoojúmọ́, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ihò àti ìdí òpó kí wọ́n tó pàdé. Ike pẹlẹbẹ róbótó kan nísàlẹ̀ ihò tún ń gba ìyà náà dípò fáíbà.

Bí ó bá ti ń jò, àtúnṣe rẹ̀ kò le, àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹ gbẹ́ ihò àyẹ̀wò tó lè gba ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí inú ọkọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan nínú ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ wá fi epoxy (gọ́ọ̀mù alágbára) àti aṣọ fáíbà yí ìdí ihò ká láti inú. Ẹni tó bá lẹ epoxy mọ́ fáíbà tó tutù ti fi owó ṣòfò.

Omi inú ọkọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan fúnra rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, lítà mẹ́wàá sì tó láti sọ ọkọ̀ di ẹlẹ́rù. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ omi, ẹ ṣí kọ́kì ẹ̀yìn, kí ẹ gbé iwájú sókè. Bí omi tó jáde bá ju ife kan lọ, ẹ wá ibi tó ń jò: wáṣà kọ́kì, ìsopọ̀ ojú ọkọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ojú sukúrúù ìtọ́kọ̀. Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò kọ́kì, kí ẹnì kan máa fi omi ọṣẹ pa àwọn ojú ìsopọ̀. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó ni. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà, yóò fọ́ ìsopọ̀ náà.

Ohun tó dára jù nínú àwọn àtúnṣe ọdún àìpẹ́ ni òpó òkè tuntun oní-fáíbà. Ti alumíníọ̀mù máa ń wọ́, ó sì máa ń kán lójú ríféètì tó di kọ́là (òrùka ike níbi tí òpó òkè ti wọ inú ti ìsàlẹ̀) mú, pàápàá bí ọkọ̀ bá dojú dé níbi tí omi kò jìn. Òpó òkè àti ti ìsàlẹ̀ lápapọ̀ tó bíi mítà 6, ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Orí òpó á gún ẹrẹ̀. Ti fáíbà kì í wọ́. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, torí náà ẹ má fi í sílẹ̀ níta láìbò. Ẹ gbé alumíníọ̀mù sórí simẹ́ńtì títẹ́jú kí ẹ yí i. Bí àárín rẹ̀ bá ń fò sókè, ó ti wọ́.

Bí ẹ bá ń tò ó, ẹ so okùn tó di òpó mọ́ ọkọ̀, torí òpó tí a kò so máa yọ jáde bí ọkọ̀ bá dojú dé pátápátá. Ẹ fa okùn ìgbòkun títí pùlì boom yóò fi kan pùlì ẹ̀yìn, kí ẹ wá fa vang, okùn tó ń fa boom sísàlẹ̀, títí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fún outhaul, okùn tó ń na ìdí ìgbòkun lórí boom, àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín boom àti ìgbòkun tó. Ìtọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá: bí ó bá gòkè díẹ̀ báyìí, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á wúwo, ẹ ó rò pé ìgbòkun ló le jù.

Nínú èbúté Èkó, níbi tí Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, ìṣàn omi ló ń lé èèyàn ju atẹ́gùn lọ. Nígbà tí òjò bá ti kún odò Ògùn, omi tó ń jáde sí òkun máa ń lágbára, ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò sì gbọ́dọ̀ bá a jà nígbà tí atẹ́gùn bá kú. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí apá ibi tí omi ti ń wá, kí ó lè gbé yín padà sílé. Ẹ yàgò pátápátá fún ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá. Wọn kò lè yà fún yín. Koríko olódòdó tó ń bo ojú omi máa ń há mọ́ pátákó àárín. Ẹ fà á sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ tì í padà, yóò já dànù. Ní ti ìtọ́kọ̀, ẹ kọjú ọkọ̀ sí atẹ́gùn kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ó ní àléébù o. Ó nira fún ẹ̀yìn àti orúnkún, ẹnìkan ṣoṣo ló gbà dáadáa, àgbàlagbà tó ń kọ́ṣẹ́ kò sì ní gbádùn oṣù àkọ́kọ́. Lightning, ọkọ̀ ìgbòkun mìíràn, ń gba èèyàn mẹ́ta, ó sì dúró dáadáa, àmọ́ ó wọn nǹkan bíi kílò 318. Ẹ̀yà ILCA pẹ̀lú ń ti òkèèrè wá, nítorí náà ẹ kó wọn jọ ṣáájú: kọ́kì mẹ́fà àti wáṣà wọn, kílíìpù ìtọ́kọ̀ mẹ́ta, ìsopọ̀ ọwọ́ ìtọ́kọ̀ méjì, ọ̀pá inú ìgbòkun, àti ríféètì tí kì í dípẹtà fún ìdè boom, torí pé iyọ̀ òkun ń jẹ alumíníọ̀mù níbi tó bá ti kan irin mìíràn.